Ìdí Agbọ̀n, Kì Í Ṣe Ìdí Àgbọn

Bí ẹ bá wọ mọ́tò ní Ìkòtún, tí ẹ ń lọ sọ́nà Ìgàndò, ẹ ó gbọ́ orúkọ ibùdókọ̀ wa lẹ́nu kọ̀ńdọ́kítọ̀ kí ẹ tó débẹ̀: "Ìdí Àgbọn wà o?" Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó kọ́lé síbẹ̀ ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ń pè é. Tí ẹ bá ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ láìfi àmì ohùn kankan sí i, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mo dàgbà síbẹ̀ mọ̀ pé Ìdí Agbọ̀n ni. Agbọ̀n tí à ń kó ẹrù sí, tí à ń gbé rù, kì í ṣe àgbọn tí à ń fọ́ jẹ. Àwọn ọmọ mi ti sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ náà ò tó ohun tí èèyàn ń bínú sí. Mo gbà fún wọn, síbẹ̀ mò ń bínú.

Ilé Màmá Onílé là ń gbé nígbà tí mò ń sọ yìí. Ọmọ Àwórì ni Màmá, arúgbó obìnrin tó ga, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í kánjú sọ̀rọ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti bá iṣẹ́ lọ sí ìlú òkèèrè, gbogbo àwa tó kù nínú ilé, ayálégbé ni wá. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá. Iṣẹ́ pátákó kíkọ ló ń ṣe: tó bá jẹ́ onígbàjámọ̀ ló gbé iṣẹ́ wá, á ya orí, tó bá jẹ́ télọ̀, á ya ẹ̀rọ ìránṣọ. Àátíìsì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìyá mi ń yan gàrí ní ẹ̀yìnkùlé. Ní yàrá ìparí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, Ìyá Àdúrà ló wà níbẹ̀, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, tí kì í wọ bàtà, tí mi ò sì mọ bí aṣọ rẹ̀ ṣe ń funfun tó bẹ́ẹ̀ nínú ọgbà tí ẹrẹ̀ kún. Agogo rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dún láàárọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó gbọ́ omi tó ń dà láti inú búùtà bàbá mi, tó ń ṣe àlùwàlá lẹ́bàá ògiri. Màmá Onílé á wúkọ́ nínú yàrá tirẹ̀, á wá sọ fún gbogbo ilé pé, "Ẹ ti jí Ọlọ́run tán. Ó ku àwọn ọmọ." A ó dìde, a ó gbálẹ̀, òórùn ẹ̀gẹ́ tí Màmá rẹ fún fùfú á ti gba gbogbo afẹ́fẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò nílé yẹn, àmọ́ tí òórùn fùfú bá kọlù mí lójijì níbikíbi, mo máa ń wá ìgbálẹ̀ kiri.

Níwájú ilé, níta ọgbà, pèpéle kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́, ó ga dé àyà àgbàlagbà, orí rẹ̀ sì tẹ́jú. Téńté òkè tó ti odò gòkè wá ni ilé wa wà. Àwọn obìnrin tó ń ti oko lọ́nà Ìṣẹ̀rí-Olófin bọ̀, òkè yẹn ni wọ́n máa gùn kí wọ́n tó bọ́ sí ọ̀nà ọjà Ìkòtún, agbọ̀n tó kún á sì wà lórí wọn. Ẹni tó bá ti ru agbọ̀n tó wúwo rí mọ̀ pé èèyàn ò lè dá a sọ̀. Tó bá ní òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọjà á dà nù, ọrùn á sì máa ro ó di ọjọ́ kejì. Nítorí náà, tí obìnrin kan bá gòkè dé, kò ní kan ilẹ̀kùn, kò ní kí ẹnikẹ́ni. Á kàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, á ní, "Ẹ sọ̀ mí o." Ẹni tó bá wà nítòsí nínú ilé gbọ́dọ̀ dìde. Kò sí pé mò ń jẹun, kò sí pé mò ń kàwé. Bàbá mi nìkan ni Màmá ń fojú fò, tó bá ń kírun lọ́wọ́, ó sì hàn lójú Màmá pé ọ̀rọ̀ náà ò tẹ́ ẹ lọ́rùn tán.

Èmi ni wọ́n sábà máa ń rán, torí pé èmi ni àgbà nínú àwọn ọmọ ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò tíì ga tó. Màmá gbé búlọ́ọ̀kù kan sí ẹ̀gbẹ́ pèpéle kí n lè máa gùn ún. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní kéú. "Má fà á, Ràmọ́. Mú etí agbọ̀n dání, kó o dúró. Sọ fún un pé kó tẹ orúnkún díẹ̀. Tó bá ti tẹ̀ ẹ́, ìwọ tẹ̀ lé e, ẹ ó jọ bá a sọ̀kalẹ̀." Lóòótọ́, tí a bá ti ṣe é bẹ́ẹ̀, agbọ̀n á rọra kúrò lórí, á bà sórí pèpéle, òṣùká á jábọ́, obìnrin náà á sì mí èémí kan tí mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ níbòmíì. A ó fún un lómi. Tó bá ti sinmi tán, a ó tún gbé e rù ú, á máa lọ. Ìgbà míì, á fi ata díẹ̀ tàbí ilá sílẹ̀ fún wa, ìgbà míì kò ní fi nǹkan kan sílẹ̀, Màmá ò sì bìkítà. Èmi ni mo bìkítà. Mo kórìíra iṣẹ́ náà. Mo máa ń rò ó pé lọ́jọ́ tí mo bá nílé tèmi, ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú ni mo máa kọ́ ọ sí.

Ọjọ́ kan tí mò ń ráhùn ni Màmá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́, ó sì bu díẹ̀ sí mi lọ́wọ́ kí n má baà jókòó lásán. Ó ní nígbà tí wọ́n gbé òun wọ ilé yìí ní ìyàwó, igbó ni gbogbo ibi tí mò ń wò yìí títí dé odò, ilé yìí nìkan ló sì dá wà lórí òkè. Ó ní ìyá ọkọ òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ pèpéle yẹn. Ìyá yẹn fúnra rẹ̀ ti gun òkè yìí rí pẹ̀lú oyún nínú àti ẹrù lórí, kò sì rí ẹni sọ̀ ọ́. Ó dúró nínú oòrùn, kò lè jókòó, kò lè bẹ̀rẹ̀, ó kàn dúró títí ẹnì kan fi kọjá. "Ó ní ohun tó jẹ òun níyà yẹn, kò tún ní jẹ ẹlòmíì níyà níwájú ilé òun," Màmá ní. "Làwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, 'Ẹ dúró dè mí ní ìdí agbọ̀n, màá bá yín níbẹ̀.' Bí ibí ṣe gba orúkọ nìyẹn."

Mo nàka sókè. Igi àgbọn gíga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, òun nìkan ṣoṣo ní gbogbo agbègbè náà. "Ìyẹn wá ńkọ́, Màmá?"

Màmá pòṣé. Ó ní àwọn kan wá láti ọ́fíìsì nígbà kan, wọ́n ń kọ orúkọ àwọn abúlé sílẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ tiwa, nígbà tí wọ́n wá ka ohun tí wọ́n kọ, Ìdí Àgbọn ló bọ́ sí wọn lẹ́nu. Láti ìgbà náà, gbogbo àlejò tó bá dé ló máa ń bi ọkọ òun pé igi àgbọn dà. Ó ṣàlàyé títí, ó sú u. "Ló bá lọ gbin ọ̀kan," Màmá ní, "kí wọ́n lè fi í lọ́rùn sílẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín débi tí ẹ̀gúsí ọwọ́ mi fi dà nù. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Bí èèyàn ṣe ń wo orogún ló ṣe ń wo igi yẹn.

Ọdún yẹn náà ni alága ẹgbẹ́ onílé wá sílé wa. Ọkùnrin aláwàdà ni, ọmọ Ìbàdàn, ó ń ta pákó lójú títì. Àwọn tó ń kọ́lé ti ń pọ̀ sí i ládùúgbò, igbó ti ń tán, àlejò sì ń ṣìnà. Ìta ló dúró sí, òun àti bàbá mi, àmọ́ Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tó ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Àátíìsì, iṣẹ́ ńlá ni mo gbé wá fún ẹ o," Alága ní. "A fẹ́ gbé pátákó sójú ọ̀nà. Orúkọ àdúgbò á wà lókè, igi àgbọn á wà lábẹ́ ẹ̀. Kó hàn ketekete, kí ẹni tó wà nínú mọ́tò rí i."

"Kò sí wàhálà, sà," bàbá mi ní. Inú rẹ̀ ń dùn, mo rí i lójú rẹ̀. Kò tíì ṣe pátákó tí gbogbo ìlú máa rí báyẹn rí. "Ibo lẹ máa rì í mọ́?"

"Ibí yìí náà ni jàre. Ojú ibi tí pèpéle yẹn wà gan-an ló dáa jù. A ó wó o lọ́jọ́ Sátidé, a ó gbẹ́ ihò síbẹ̀."

"Alága," Màmá ní láti ẹnu ọ̀nà, "ta lẹ bi?"

Alága yíjú, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá. Èrò yín la fẹ́ wá gbọ́ náà."

"Lẹ́yìn tí ẹ ti wó o tán lẹ́nu."

"Màmá mi, ojú ọ̀nà ló ṣáà wà, ti gbogbo àdúgbò ni. Ta ló tún ń ru ẹrù kọjá níbí mọ́, àbí? Mọ́tò ló ń kó gbogbo ẹ̀ báyìí."

"Orúkọ tí ẹ sì fẹ́ kọ yẹn, òun kọ́. Àgbọn kọ́ ló ni ibí. Agbọ̀n ni."

Alága kàn gbójú sókè wo igi náà, gbogbo wa bá a gbójú sókè. Igi dúró gbọnin, èso kún orí rẹ̀. Kí ni Màmá fẹ́ sọ? Ọkọ rẹ̀ ló gbìn ín.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ̀bà ò lọ lọ́fun bàbá mi. Ìyá mi bi í bóyá ó mọ̀ pé inú ilé ẹni tí wọ́n fẹ́ wó nǹkan rẹ̀ ló jókòó sí tó ń jẹun. Bàbá mi ní òun mọ̀, àmọ́ iṣẹ́ ni wọ́n gbé fún òun, òun ò sì lè yí orúkọ àdúgbò padà fún onílé, òun tí òun wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó lọ bá Màmá nínú yàrá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó ṣàlàyé. Màmá ní kó dìde. "Mi ò ní kó o má ṣiṣẹ́ ẹ, Bàbá Ràmọ́. Ìwọ ṣáà mọ ohun tí ò ń kọ." Ó gbà á tọ́wọ́tẹsẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì dun bàbá mi jù. Ì bá wù ú kó bú òun.

Èmi ni mo máa ń gbé oúnjẹ lọ fún Màmá ní ọ̀sẹ̀ yẹn, torí kò jáde mọ́ bó ṣe máa ń jáde. Mo bá a lórí ẹní, ó kọjú sí fèrèsé tó ṣí sí pèpéle. Kò wò mí nígbà tó ń sọ̀rọ̀. "Ràmọ́, àwọn ọmọ mi ò ní padà wá gbé níbí. Mo mọ̀. Mi ò kọ́lé alájà, mi ò kàwé. Ẹrù àwọn èèyàn ni mo sọ̀. Tí wọ́n bá wó ìyẹn, tí wọ́n sì fi àgbọn rọ́pò orúkọ ẹ̀, ó dà bí ẹni pé mi ò ṣe nǹkan kan nílé ayé nìyẹn." Mo jókòó tì í títí ọbẹ̀ fi tutù. Àánú rẹ̀ ṣe mí, láti ọjọ́ yẹn mi ò sì ráhùn mọ́ tí wọ́n bá pè mí sídìí pèpéle.

Bàbá mi kun páànù náà ní funfun, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri, ó ya igi àgbọn sí i. Ó dára, mi ò ní purọ́. Imọ̀ rẹ̀ dà bí èyí tí atẹ́gùn ń fẹ́. Nígbà tó wá kan orúkọ, ó fi ọ̀dà dúdú kọ ọ́ gàdàgbà. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo bi í pé ṣé kò ní fi àmì sí i ni. Olùkọ́ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa ní dò, re, mí ni, gbogbo nǹkan ni mo sì ń fi àmì sí nígbà náà, títí kan orúkọ ewúrẹ́ ilé. "Ta ló ń fi àmì sí pátákó?" bàbá mi ní. Àmọ́ ó gbé búrọ́ọ̀ṣì dání, ó dúró, ó ń wo ọ̀rọ̀ náà. Mo rí ètè rẹ̀ tó ń mì. Ó ń pè é bákan, ó ń pè é bákan míì. Nígbà tó yá, ó pe èyí tó jẹ́ kòkòrò tó ń ta èèyàn, òun fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì lọ fọ búrọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, Alága kó àwọn ọkùnrin wá pẹ̀lú ọkọ́ àti ṣọ́bìrì. Wọ́n ti gbé búlọ́ọ̀kù mi jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Màmá gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ jáde, ó jókòó ti pèpéle, ó káwọ́ lé itan. Kò bẹ̀ wọ́n, kò bú wọn. Alága ń yí ká a pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀." Màmá ò gbọ́. Ìyá Àdúrà dúró lójú ọ̀nà ọgbà, ìyá mi fi ọwọ́ tó kún fún gàrí lé ẹnu, bàbá mi di pátákó mú bí ẹni tí wọ́n ní kó wá gbé òkú.

Ibẹ̀ la wà nígbà tí obìnrin kan yọ lórí òkè. A mọ̀ ọ́n, Ìyá Ìṣẹ̀rí là ń pè é torí ibi tó ti ń wá. Agbọ̀n kókò ló rù, ó kún débi tí wọ́n fi okùn dè é. Kò mọ nǹkan kan nípa pátákó, kò sì lè yí orí wo ẹnikẹ́ni. Ó rìn wọ àárín àwọn ọkùnrin yẹn, ó dúró síbi tó ti máa ń dúró. "Ẹ sọ̀ mí o," ó ní.

Kò sẹ́ni tó mira. Àwọn ọkùnrin ń wo ara wọn, ọkọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo sáré síbẹ̀, mo na ọwọ́, ọwọ́ mi ò tó o, búlọ́ọ̀kù mi ò sí níbẹ̀. Ọrùn Ìyá Ìṣẹ̀rí ti ń gbọ̀n. Màmá ń gbìyànjú láti dìde. Alága ló sún mọ́ ọn jù. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ gbéra kó tó dà bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀, ó sì mú etí agbọ̀n méjèèjì. "Ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, Màmá," ó ní, ní ohùn jẹ́jẹ́ tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ilé ìyá tirẹ̀ ló ti kọ́ ọ, ó dá mi lójú. Wọ́n jọ bá a sọ̀kalẹ̀, agbọ̀n bà sórí pèpéle, òṣùká jábọ́, Ìyá Ìṣẹ̀rí sì mí èémí yẹn.

"Ẹ ṣé o, ọmọ mi," ó ní, ó ń fi ìdí aṣọ nu ojú. "Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká wá Ìdí Agbọ̀n tì."

Alága wò ó. "Kí lẹ pe ibí yìí, Màmá?"

"Ìdí Agbọ̀n."

"Kì í ṣe Ìdí Àgbọn?"

"Àgbọn wo?" Ìyá Ìṣẹ̀rí ní. Ó rò pé ó ń bá òun ṣeré ni. "Ṣé àgbọn ló máa sọ̀ mí?"

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin yẹn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn bá rẹ́rìn-ín. Alága náà rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ pa etí pèpéle bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i, ó wo Màmá, ó wá sọ fún àwọn tó kó wá pé, "Ẹ bọ́ sí òdìkejì ọ̀nà jàre. Ẹ lọ gbẹ́ ẹ sọ́hùn-ún." Màmá ò dúpẹ́, kò yọ̀ ọ́. Ó wọlé lọ bu omi wá fún Ìyá Ìṣẹ̀rí, èmi sì rí i pé omi ń dà sílẹ̀ nínú ife bó ṣe ń bọ̀.

Bàbá mi gbé pátákó padà wọlé. Igi àgbọn ti gbẹ mọ́ ọn, kò sì sí ọ̀dà funfun mọ́ tó lè fi pa á rẹ́, ló bá ya agbọ̀n ńlá kan sí ìdí igi náà. Lẹ́yìn náà ó mú búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù, ó pè mí, ó ní kí n fi ibi tí àmì ń wà han òun. Mo fi hàn án. Nígbà tí wọ́n gbé e nàró tán, àwọn kan rò pé ibi tí wọ́n ti ń ta àgbọn lágbọ̀n-lágbọ̀n ni, àwọn míì rò pé ọ̀dà ló ta sí orúkọ náà. Màmá dúró sábẹ́ rẹ̀ títí. "Ó dáa," ó ní níkẹyìn. "Àgbọn náà ti ríbi sọ̀." Mi ò rí i kó tún wo igi yẹn níwòkuwò mọ́.

Pátákó yẹn ti dípẹtà, ó ti wó, kò sí níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ títì, títì gba pèpéle, lẹ́yìn tí Màmá ti lọ sinmi. Ṣáṣá ni mò ń gbé báyìí, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú bí mo ṣe fẹ́, àmọ́ àbúrò mi kọ́lé sí ẹ̀yìn ilé tí a gbé nígbà yẹn, mo sì máa ń lọ kí i. Láìpẹ́ yìí, mo ra tòmátì lọ́jà Ṣáṣá, mo ní kí wọ́n má tú u, kí wọ́n gbé e fún mi tagbọ̀n-tagbọ̀n, torí àgídí. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ gbé e rù mí nígbà tí mo bọ́ọ́lẹ̀. Mi ò tíì rìn jìnnà tí mo fi mọ̀ pé ọrùn mi kì í ṣe ti ọmọdé mọ́. Mo dúró sójú kan nínú oòrùn, mi ò lè jókòó, mi ò lè bẹ̀rẹ̀. Mi ò pe ẹnikẹ́ni. Obìnrin kan tó ń ta káàdì lábẹ́ agboòrùn, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ló dìde fúnra rẹ̀. Ó fi apá kó ọjà rẹ̀ sápá kan lórí tábìlì, ó wá síwájú mi, ó mú etí agbọ̀n.

"Ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, mà," ó ní.

A jọ bá a sọ̀kalẹ̀ sórí tábìlì rẹ̀. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn, mà. Ní Ìdí Àgbọn, a kì í jẹ́ kéèyàn dá ẹrù sọ̀."

Ẹ ti mọ̀ mí. Omi ti dé ojú mi, síbẹ̀ mi ò lè gbójú fò ó.

"Agbọ̀n," mo ní.

Ó wo orí tábìlì, ó tún wò mí, bí wọ́n ṣe ń wo arúgbó tó ti ń gbàgbé nǹkan.

"Òun nìyí, mà," ó ní. "Mo ti bá yín sọ̀ ọ́."